Èènì Tí Mo Gbà ní Fez

Ìyá mi kì í rán mi níṣẹ́ bí mo bá ń rìnrìn àjò. Bí mo ń lọ sí Ìbàdàn, á ní kí n tètè wọkọ̀ kí òjò má baà ká mi mọ́ ọ̀nà. Ní ọdún tí mo lọ kọ́ èdè Faransé ní Kútọnu, ohun tó sọ kò ju pé kí n má jẹ ẹran tí n kò mọ ẹni tó pa á. Nítorí náà, nígbà tí mo lọ bá a ní Òkèrèwè ní Ifẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, tí mo sì sọ fún un pé wọ́n pe àwa olùkọ́ ìmọ̀ ewéko mélòó kan sí ìpàdé ní orílẹ̀-èdè Mòrókò, àdúrà ni mo tẹ́tí sílẹ̀ fún. Kò gbàdúrà. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú kúrò lórí àpótí, ó fi lélẹ̀, ó sì wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ṣé ilẹ̀ Lárúbáwá ni ibẹ̀ yẹn?"

"Lárúbáwá ni wọ́n, Màmá."

"Bá mi ra aṣọ mi bọ̀."

Mo ní aṣọ wo. Ó ní funfun. Mo ní ṣé ti búbá ni àbí ti ìborùn. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ẹ̀rín tí a máa ń rín sí ọmọ tí kò yára gbọ́ ọ̀rọ̀.

"Èyí tí kò ní àpò ni mò ń wí. Èyí tí télọ̀ kankan ò ní rán."

Inú bí mi. Èmi kì í ṣe onísùúrù, ìyá mi ló sì bí mi bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ó má bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní kùtù àárọ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọgbọ́n ìwé bò ó mọ́lẹ̀: mo ní Mòrókò kì í ṣe Mẹ́kà, mo ní ẹni tó bá dúró sí Mòrókò ṣì ní aṣálẹ̀ àti òkun púpọ̀ láti kọjá kó tó dé Mẹ́kà, mo ní bí ènìyàn bá wà ní Ifẹ̀ tó ní òun ti dé Kánò, ṣé òótọ́ ló pa?

Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní, "Dókítà tí kì í fúnni lábẹ́rẹ́, ṣé wọ́n ń kírun níbẹ̀ àbí wọn kì í kí i?"

"Wọ́n ń kí i."

"Ó tó."

Kí ẹ lè mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, ìyá mi kì í ṣe ọmọ Ifẹ̀. Ìwó ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá sí Òkèrèwè, ilé àwọn mùsùlùmí ni wọ́n bí i sí, Mẹ́kà sì ni ó ti ń fojú sùn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ọdún tí ọ̀nà fẹ́ là ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Àwọn oníṣègùn ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ náà ti ń rẹ̀. Ó gba kádàrá pé òun kò ní rí Mẹ́kà mọ́. Ohun tí kò gbà ni pé kí wọ́n fi aṣọ àsáré-rà di òun. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní àdúgbò wa kú lójijì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá mi sì wà lára àwọn tó wẹ òkú rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n sáré lọ rà kò tó. Wọ́n ní láti lẹ ẹyọ mìíràn mọ́ ọn níbi ẹsẹ̀, èyí tí a lẹ̀ sì pupa ju èyí tó wà lókè lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù àbùlẹ̀ ti ń ba ìyá mi. Kò bẹ̀rù ikú tó bẹ́ẹ̀.

Èmi ní tèmi, ẹ̀rù ikú ló ń bà mí. Mo mọ ìyá mi. Kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí, bí ó bá sì parí iṣẹ́ tán, á nu ọwọ́ rẹ̀, á lọ sùn. Mo ti rí àwọn àgbà mìíràn tí wọ́n ṣètò gbogbo nǹkan wọn tán tí wọ́n sì lọ láàárín oṣù kan náà. Mo gbà lọ́kàn ara mi, èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ènìyàn ní sáyẹ́ǹsì, pé aṣọ tí a kò tíì rà yẹn ló dì í mú láyé. Bí n kò bá rà á, kò ní lè lọ.

Nítorí náà mo ní, "Mo ti gbọ́, Màmá." Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó ní òun ti gbọ́ kò tíì ní òun gbà.

Ìyá mi kan náà ló kọ́ mi ní ọjà. Iyọ̀ àti ẹja gbígbẹ ló ń tà níwájú ilé, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ó sì kọ́ mi ni èènì. Bí ó bá rán mi ní gàrí ní Ilare tí mo gbé e dé láìsí èènì, á bojú wo inú igbá, á ní, "Ṣé o rà á ni àbí o jí i?" Á dá mi padà. Ṣùgbọ́n èènì náà kì í ṣe tirẹ̀. Òfin ilé wa ni pé ẹni tí a bá rán níṣẹ́ ló ni èènì. Ẹ̀kúnwọ́ gàrí yẹn, ojú ọ̀nà ni mo máa ń jẹ ẹ́ tán sí. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe wọ̀ mí lára tó fi jẹ́ pé títí di òní, bí mo bá ra bébà ìtẹ̀wé, mo máa ń ní kí wọ́n fi èènì sí i.

Rabat ni ìpàdé náà ti wáyé. Mo ti gbàgbé ọ̀pọ̀ ohun tí a sọ níbẹ̀, mo sì rò pé àwọn tó sọ ọ́ náà ti gbàgbé. Nígbà tí ó parí, mo jẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa lọ sílé, èmi wọ ọkọ̀ ojú irin. Yunifásítì wa wà ní títì nítorí ìyanṣẹ́lódì, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dúró dè mí, ilé tí mo háyà ní Mayfair ní Ifẹ̀ kò sì ní omi. Mo ní kí n lọ wo ìlú.

Marrakech ni mo kọ́kọ́ lọ. Ilé pupa, ògiri pupa, erùpẹ̀ pupa. Bí kì í bá ṣe ti òkè tí yìnyín bò lọ́ọ̀ọ́kán, ǹ bá ní ọ̀nà Òṣogbo ni mo wà. Ọjà ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti gbàgede ńlá kan tí wọ́n ti ń fún omi ọsàn, tí àwọn kan ń fi ejò ṣeré, tí àwọn mìíràn jókòó ti àpótí eyín, eyín ènìyàn gidi, láti fi hàn pé àwọn mọ eyín yọ. Gbogbo ọlọ́jà ló ń pè mí ní ọmọ Senegal. Mo kọ́kọ́ ń ṣàlàyé. Nígbà tó yá mo gba Senegal náà, kí a lè ráyè nájà.

Mo sì nájà! Mo rí sálúbàtà aláwọ pupa rúsúrúsú tí yóò rọ ẹsẹ̀ ìyá mi lọ́rùn. Ọkùnrin tó ń tà á dá iye kan, mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo dá tèmi, ó di orí mú. Ó pe Ọlọ́run ní ẹlẹ́rìí, mo pe Ọlọ́run kan náà. Mo yí ẹ̀yìn padà, mo rọra ń lọ bí ìyá mi ṣe kọ́ mi, láìwẹ̀yìn, n kò sì tíì dé ìsọ̀ kejì tí ó fi pè mí padà. Ó di sálúbàtà náà sínú ìwé ìròyìn. Mo na ọwọ́, mo ní kí ó fi nǹkan sí i. Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì ju okùn bàtà kan lé e. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin lójú ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ìlà àwọn aláṣọ, tí mo rí aṣọ funfun tí wọ́n ká jọ dé àjà, mo yà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo sọ fún ara mi pé oòrùn ti pọ̀ jù.

Ní Meknes, mo sọ fún ara mi pé aṣọ ibẹ̀ kò ní dára. Mo ra ọṣẹ dúdú, tí wọ́n fi òróró ólífì ṣe, tó rọ̀ bí ọṣẹ tiwa gan-an, mo sì ra làálì àti tìróò. Mo dúró síwájú àwọn tó ń ta ólífì. Wọ́n ti to èso náà jọ ní òkìtì òkìtì, àwọ̀ ewé, àwọ̀ dúdú, àwọ̀ elésè àlùkò, ó ń dán nínú òróró. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìyá àgbàlagbà kan tó fara ti ọmọbìnrin rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó ń tọ́ ólífì wò ní ìsọ̀ kan sí òmíràn, ó ń yọ ṣùtì sí gbogbo rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ń fi ojú bẹ àwọn ọlọ́jà pé kí wọ́n má bínú. Ó tọ́ ọ wò títí ó fi yó, kò ra nǹkan kan, ó ní kí ọmọ òun mú òun lọ sílé. Mo sunkún níbẹ̀. Ẹni tó ń ta ólífì rò pé ata ló ta sí mi lójú, ó sì fún mi lómi.

Mo wá rí i pé ìyá mi kò rán mi ní ohun tó ṣòro. Ó ń nájà tirẹ̀ náà ni. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí aṣọ náà, kó fọwọ́ kàn án, kó wọ̀n ọ́n, kó sì yọ ṣùtì sí i bí kò bá dára. Ta ni èmi tí mo ní kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò? Síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà mí. Mo gbé ẹ̀rù náà wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Fez.

Ọjà Fez kì í ṣe ọjà tí a ń wọ̀, òun ló ń gbé ènìyàn mì. Ọ̀nà ibẹ̀ tóóró débi pé bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá ru ẹrù bọ̀, àwọn ènìyàn á lẹ̀ mọ́ ògiri. Ọmọ kékeré ń fi pákó gbé ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò lọ sí ààrò àdúgbò. Àwọn alágbẹ̀dẹ bàbà ń lù, òórùn àwọn tó ń ṣe awọ ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ẹnìkan sì ń fi ewé míńtì lọ̀ mí pé kí n fi dí imú. Mo yà sọ́tùn-ún, mo yà sósì, mo ṣìnà pátápátá. Ibi tí ọ̀nà náà gbé mi jáde sí ni ìlà àwọn aláṣọ funfun. Mo ní ó dáa, Ọlọ́run, mo ti gbọ́. Lọ́tẹ̀ yìí mo sì gbà.

Bàbá arúgbó kan ló wà ní ìsọ̀ tí mo dúró sí. Ó fi òwú so apá kan awò ojú rẹ̀. Ó fún mi ní àga, ó bu tíì míńtì fún mi, ó ní kí ni mo fẹ́. Mo ní aṣọ òwú funfun. Ó ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo purọ́, mo ní ti bẹ́ẹ̀dì ni. Ó gbé èyí tó ní òdòdó létí wá. Mo ní èyí tí kò ní nǹkan kan lára. Ó ní bẹ́ẹ̀dì náà ti fẹ̀ tó? Mo dìde, mo fi ọwọ́ kan èjìká mi.

Mo ní, "Obìnrin kan ló ni ín. Orí rẹ̀ kò ju ibí yìí lọ."

Ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. Ó bi mí wọ́ọ́rọ́wọ́ pé, "Ṣé ó ti kú?"

"Rárá o! Ó jókòó níwájú ilé rẹ̀, ó ń ta iyọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n padà jókòó. Ó ní tòun náà wà nínú àpótí lókè ilé, ìyàwó òun ló ń bínú sí i, pé àpótí náà kò jẹ́ kí òun ráyè kó kúbùsù. Ó fa aṣọ kan yọ láti ìsàlẹ̀, aṣọ tó nípọn tó sì rọ̀, ó ní kí n fọwọ́ kàn án. Ó dá iye rẹ̀. Mo ya ẹnu láti nájà, kì í ṣe pé mo fẹ́ ná an, ẹnu ló ti mọ́. Ó mi orí. Ó ní òun kì í jèrè lórí èyí, bàbá òun náà kò jèrè lórí rẹ̀, nítorí náà kò sí ibi tí òun fẹ́ gé e sí. Ojú tì mí díẹ̀. Ó fi ọ̀pá irin wọ̀n ọ́n, ó fi àlùmọ́gàjí gé e, ó ká a, ó tẹ́ ìwé, ó ń dì í.

Ọwọ́ mi nà jáde fúnra rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ ní èdè Faransé pé, "Ẹ fi díẹ̀ sí i fún mi."

Èènì! Lórí aṣọ òkú! Èènì kí ni? Ta ni mo fẹ́ kí wọ́n fi díẹ̀ náà sin? Mo fẹ́ kó ọ̀rọ̀ náà padà, Faransé mi sá lọ. Bàbá náà wò mí lójú, n kò sì mọ ohun tó rí. Lẹ́yìn náà ó fa ìdì aṣọ náà padà, ó wọ̀n bí ìborùn kan, ó gé e. Kò fi í sínú èyí tó ti dì. Ó ká a lọ́tọ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Èyí kì í ṣe ara ìyẹn."

Mo délé. Mo kó sálúbàtà, làálì, tìróò àti ọṣẹ lọ sí Òkèrèwè, mo fi aṣọ náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù mi ní Mayfair. Ìyá mi wọ sálúbàtà, ó gbóòórùn ọṣẹ, ó súre fún mi. Ó wá bojú wo ìsàlẹ̀ báàgì gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń bojú wo igbá gàrí.

"Ó ku nǹkan kan."

Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, ti ń ṣẹ́jú sí mi láti ẹ̀yìn. Ó sin mí dé ìta, ó ní, "Àǹtí, bí ẹ bá rà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa wà lọ́dọ̀ yín. Bí Màmá bá rí i, wọ́n á lọ." Mo rí i pé irú ẹ̀rù kan náà ni àwa méjèèjì jogún. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo gbé aṣọ náà lọ.

Ìyá mi ní kí n ti ilẹ̀kùn. Ó tú ìdì náà lórí ibùsùn, ó na apá rẹ̀ méjèèjì, ó wọ̀n ọ́n láti ìka dé ìka. Ó tún un wọ̀n. Ó gbé etí aṣọ sí ojú fèrèsé bóyá yóò rí àléébù. Kò rí i. "Ó tó," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀ lọ́nà tí n kò gbọ́ rí láti ìgbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kú. Nígbà náà ni ó rí èyí tó wà lọ́tọ̀.

"Èyí wá ńkọ́? Ṣé àbùlẹ̀ nìyẹn?"

"Rárá, Màmá. Èènì ni."

Kò kọ́kọ́ yé e. Mo wá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, mo sọ ti ọwọ́ mi tó nà jáde, mo sọ ti ojú bàbá náà. Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni! Ó rín in títí omi fi jáde lójú rẹ̀, títí àbúrò mi fi sáré wá kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ wá gbọ́ o! Mo rán ọmọ yìí ní aṣọ òkú, ó gba èènì bọ̀!"

Ó nu ojú rẹ̀. Ó mú aṣọ kékeré náà, ó nà án sí mi. "Gbà. Ìwọ ni mo rán, ìwọ lo ni èènì." Mo ní kí ni n fẹ́ fi ṣe? Ó ní, "Bí o kò bá mọ ohun tí o máa fi ṣe, fi ta mí lọ́rẹ." Mo fi ta á lọ́rẹ.

Ó ní kí ọmọ télọ̀ iwájú ilé bá òun ká etí rẹ̀, ó sì fi ṣe ìborùn. Jímọ̀ọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní kí àbúrò mi fi mọ́tò gbé òun lọ sí mọ́ṣáláṣí, ibi tí kò ti dé láti oṣù púpọ̀ sẹ́yìn. Gbogbo ẹni tó yìn ín fún ìborùn ni ó ń sọ ìtàn náà fún, ó sì ń fi díẹ̀ kún un lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ mi padà, mo ti di ẹni tó ń jà fún èènì, tí bàbá arúgbó ń sá fún ní Fez.

Èmi àti àbúrò mi ń ṣọ́ ọ. A ń retí kí ó nu ọwọ́ kó lọ sùn. Kò lọ. Ẹsẹ̀ náà kò sàn, ọkàn náà ṣì ń rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àbùlẹ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Ó fi ìborùn náà lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Ó fi bo orí nígbà ọyẹ́. Ó fi í gbá ọmọ àbúrò mi mọ́ra, ó fi nu imú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá fọ̀ ọ́, á da búlúù sí omi kó lè funfun, títí aṣọ náà fi fúyẹ́ tí a lè rí ọwọ́ ẹni láti ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà mìíràn tí mo bá jókòó tì í níwájú ilé, tó ń bu iyọ̀, tó ń fi èènì kún un fún àwọn oníbàárà láìjẹ́ pé wọ́n bèèrè, mo máa ń wo ìborùn yẹn. Mo máa ń dúpẹ́ pé ẹnu mi ṣìsọ ní Fez.

Àwọn ọdún 1990 ti fẹ́ kógbá wọlé kí ìyá mi tó lọ. Òwúrọ̀ ni, kò pẹ́ púpọ̀ tí ó kírun àárọ̀ tán. Àwọn ìyá tó fẹ́ wẹ̀ ẹ́ ní aṣọ dà. Kò sí ẹni tó sáré lọ sí ọjà. Mo ṣí àpótí rẹ̀. Aṣọ náà wà nínú káńfọ̀, ó pé, ó funfun, bí ẹni pé àná ni àlùmọ́gàjí kúrò lára rẹ̀. Orí aṣọ náà ni ìborùn wà, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti ká a. Etí rẹ̀ ti ya.

Àbúrò mi bi mí bóyá kí a fi í kún un.

Mo ní, "Rárá, ìyẹn kì í ṣe ara rẹ̀."

Mo gbé aṣọ tuntun náà fún àwọn ìyá. Mo mú èyí tó ti gbó, mo fi sínú báàgì mi. Èmi ni wọ́n rán.